Fóònù Tí Mo Dì Bíi Tuntun

Nínú ẹbí wa, èmi ni wọ́n ń pè ní ọmọ kọ̀ǹpútà. Orúkọ náà dùn mọ́ mi ju èyí tí wọ́n sọ mí lọ. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì ní Àkúrẹ́, bí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi obìnrin bá ń wá bàtà kiri, ìdí àwọn tó ń ta àlòkù kọ̀ǹpútà ni ẹ máa bá mi, níbi tí mo ti ń tú páálí wáyà wò bí ẹni tó ń ṣa ẹ̀wà. Mo mọ fóònù tòkunbọ̀ tó ṣì dára yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n kàn pa ojú rẹ̀ dà. Màá gbé e sétí, màá gbọ̀n ọ́n díẹ̀, màá sì sọ fún yín bóyá wọ́n ti tú u rí. Ẹnu mi kì í sì í mọ níwọ̀n lórí ọ̀rọ̀ yìí. Bí wọ́n bá fi fóònù lu ẹnikẹ́ni ní jìbìtì, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Ìdí nìyí tí Màmá Tíṣà fi ránṣẹ́ pè mí. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ni, tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì ní ìlú Oǹdó. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, obìnrin, ọmọ náà sì ti bá ọkọ rẹ̀ lọ sí òkè òkun. Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n fi wá ọmọ kí oyún tó dúró. Màmá fẹ́ lọ bá wọn tọ́jú ìkókó náà, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n fi físà dù ú. Ọmọ rẹ̀ wá ní kò burú, òun fi owó ránṣẹ́, kí wọ́n fi ra fóònù tuntun tí wọ́n lè fi máa rí ojú ara wọn. Màmá yóò jókòó sílé rẹ̀ ní Oǹdó, yóò wà níbi ìsọmọlórúkọ, yóò sì fún ọmọ náà lórúkọ tirẹ̀ bí ìyá àgbà ti ń ṣe.

Màmá ti mú orúkọ náà sílẹ̀. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, nítorí a kì í pe orúkọ ọmọ kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Ó kàn sọ fún mi pé ó ti wà nínú òun láti ọdún mẹ́sàn-án.

Inú àpòòwé ìdúpẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ló kó owó náà sí, torí kò ní àpòòwé mìíràn nílé. "Ọma mi," bí àwọn Oǹdó ti ń pe ọmọ nìyẹn, "ìwọ ni ojú rẹ là sí àwọn nǹkan wọ̀nyí. Tuntun ni o, kì í ṣe tòkunbọ̀. Mi ò fẹ́ ohun tí yóò dójú tì mí lọ́jọ́ náà."

Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, mà."

Ó sì ti tó oṣù mẹ́ta nígbà náà tí mo ti ń wo kọ̀ǹpútà kékeré kan ní ṣọ́ọ̀bù kan tí kò jìnnà sí Ọjà Ọba. Kò tóbi ju páálí ìṣáná méjì lọ. Kò ní ojú, kò ní ibi tí a ti ń tẹ̀wé. Ìwọ fúnra rẹ lo máa so gbogbo ìyẹn mọ́ ọn, kí o wá kọ́ ọ ní ohun tó máa ṣe. Mo fẹ́ fi ṣe ẹ̀rọ tí yóò máa tan iná yàrá mi bí mo bá ti wọlé. Iná ìjọba fúnra rẹ̀ kì í sábà sí, ṣùgbọ́n ìyẹn ò kàn mí. Kì í ṣe pé ilé-ìwé ní kí n rà á, kì í sì í ṣe oúnjẹ. Mo kàn fẹ́ ẹ ni, bí ọmọdé ṣe ń fẹ́ nǹkan.

Obìnrin ló ni ṣọ́ọ̀bù náà, ó sì ń ta fóònù pẹ̀lú. Mo bèèrè tuntun lọ́wọ́ rẹ̀, mo rí i pé gbogbo owó inú àpòòwé ló máa gbé mì. Mo wá bèèrè tòkunbọ̀ irú kan náà. Ó mú ọ̀kan jáde, ara rẹ̀ ń dán, wọ́n ti pààrọ̀ ẹ̀yìn àti gíláàsì rẹ̀. Mo tàn án, mo fi ya fọ́tò, mo fi pe ara mi. Mo ṣí fídíò lórí rẹ̀, mo sì fi í sílẹ̀ kó máa lọ. Kò pẹ́ tí ẹ̀yìn rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í jó mi lọ́wọ́.

Àwọn ènìyàn máa ń ní olè ni gbogbo àwọn tó ń ta fóònù. Ẹ gbọ́ ohun tí olè yìí sọ fún mi.

"Àǹtí, mi ò ní purọ́ fún yín. Omi ti wọ pánẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀ rí. Wọ́n ti tún un ṣe, ó ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá fi ń ṣe fídíò tó pẹ́, ó máa gbóná, ó máa kú. Lọ́jọ́ kan, kò ní jí mọ́. Ta lẹ fẹ́ rà á fún?"

Mo ní, "Èmi ni mo fẹ́ lò ó."

"Tó bá jẹ́ ẹ̀yin, kò burú. Ẹ mọ bẹ́ ẹ ṣe máa rọra lò ó." Síbẹ̀ ó kọ ọ́ sórí rìsíìtì pé ó ń gbóná, kí ọ̀rọ̀ má baà di àríyànjiyàn.

Mo ra fóònù, mo fi owó tó kù ra kọ̀ǹpútà mi. Mo já rìsíìtì náà sí wẹ́wẹ́, mo dà á sí gọ́tà lójú ọ̀nà. Mo ní àwáwí rẹpẹtẹ. Kí ni àgbàlagbà fẹ́ fi fóònù ṣe ju kó kí ọmọ rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan? Ìsọmọlórúkọ ìlú òyìnbó, ṣé ó lè pẹ́ ni? Ojúkòkòrò ló ń bá mi sọ̀rọ̀, èmi ń pè é ní ọgbọ́n.

Bí ó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni mo dúró sí, bóyá ǹ bá máa wí pé ọmọdé ló ń ṣe mí. Ṣùgbọ́n mo lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún fóònù ṣe, mo gba páálí òfìfo irú rẹ̀. Mo fi òwú nu gbogbo ihò ara fóònù náà. Mo ká okùn ṣájà bí wọ́n ti ń ká a nílé iṣẹ́ wọn. Mo wá fi náílọ́ọ̀nù bo páálí náà, mo tan àbẹ́là, mo sì fi iná rẹ̀ lẹ̀ ẹ́ létí bí àwọn ẹlẹ́pà ti ń lẹ̀ náílọ́ọ̀nù ẹ̀pà. Èyí àkọ́kọ́ jó. Èkejì wé jọ. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló dúró dáadáa, mo gbé e síwájú mi, mo ń yí i wò, inú mi sì dùn sí iṣẹ́ ọwọ́ mi. Títí di òní, ìdùnnú yẹn ni mi ò lè dárí rẹ̀ ji ara mi.

Lọ́jọ́ Sátidé mo wọ ọkọ̀ lọ sí Oǹdó. Màmá kò fa náílọ́ọ̀nù náà ya. Ó fi abẹ́ gé e lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń tú aṣọ tí kò fẹ́ bàjẹ́. Ó ti pe àwọn aládùúgbò méjì tí wọ́n jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà. Wọ́n ní, "Ẹ kú oríire o. Ẹ ó lò ó gbó. Ẹ ó fi gbọ́ ìròyìn ayọ̀." Màmá ní kí n kúnlẹ̀, ó sì gbàdúrà fún mi pé gbogbo ohun tí mo bá dáwọ́ lé láyé yóò jẹ́ ojúlówó. Ojúlówó! Mo wà lórí ìkúnlẹ̀, mo ń wo ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú sálúbàtà. Ẹnu mi ti fẹ́ là láti jẹ́wọ́. Mo dìde, mo gbọn eruku orúnkún mi dànù.

Bí mo ti ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lò ó ni ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí, torí mo mọ ohun tó wà nínú fóònù náà. Mo wá dá ọgbọ́n kan. Mo ní, "Màmá, fóònù tuntun ò fẹ́ wàhálà o. Ẹ má ṣe fídíò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ kó pẹ́, ẹ máa bà á jẹ́."

Tíṣà ni Màmá. Ó mú bírò, ó kọ ọ́ sára kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lára ògiri: ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó fa ìlà méjì sí i nídìí.

Wọ́n bí ọmọ náà, obìnrin, tìyá-tọmọ ń bẹ láyọ̀. Lọ́jọ́ kẹjọ mo ní ìdánwò ní Àkúrẹ́, n kò lè lọ. Ẹnu ọ̀kan nínú àwọn aládùúgbò yẹn ni mo ti gbọ́ bó ṣe lọ. Màmá gbé oyin àti iyọ̀ sórí àpótí níwájú fóònù kí wọ́n lè rí i lọ́hùn-ún. Àwọn ará ilé ọkọ kọ́kọ́ sọ tiwọn. Lẹ́yìn náà ni pásítọ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ àdúrà, àdúrà náà ò sì tètè parí. Nígbà tó pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Màmá wo aago, ó wo kàlẹ́ńdà, ó wo ojú ọmọ ọmọ rẹ̀. Ó ní, "Ọlọ́run, dákun." Kò pa á.

Pásítọ̀ ṣe àmín, ó ní ó kan ìyá ìyá ọmọ. Màmá dìde dúró, bí ẹni pé inú yàrá kan náà ni gbogbo wọ́n wà. Ó ń tún ìró rẹ̀ so. Nígbà tó fi máa gbójú sókè, ojú fóònù ti dúdú.

Fóònù olótọ́ọ̀ṣì tí kò lè ṣe fídíò nìkan ló wà lọ́wọ́ àwọn aládùúgbò tó wà níbẹ̀. Wọ́n fi í pè títí, ṣùgbọ́n ẹni tó ń sọmọ lórúkọ kì í gbé ìpè. Nígbà tí ọmọ Màmá fi máa pè padà nírọ̀lẹ́, ètò ti parí, àlejò ti lọ, wọ́n sì ti kọ orúkọ ọmọ sílẹ̀. Màmá sọ tirẹ̀ fún un lórí ìpè lásán. Ọmọ rẹ̀ ní ó dára gan-an, àwọn náà yóò máa pè é bẹ́ẹ̀. Wọn kò pè é bẹ́ẹ̀ rí.

Lọ́jọ́ kẹta lẹ́yìn ìsọmọlórúkọ náà, Màmá wọ ọkọ̀ wá bá mi ní Àkúrẹ́. Àgbàlagbà gun àtẹ̀gùn ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ títí dé òkè, ó ń mí gúlegúle, ó fi áńkáṣífì di fóònù náà mọ́wọ́. N kò tíì rí i kó rí bẹ́ẹ̀ rí.

"Ọma mi, má bínú sí mi. O kìlọ̀ fún mi. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo rí i, mo sì ṣe bí ẹni tí kò kàwé. Mo ti ba nǹkan tuntun jẹ́."

Obìnrin tó ti fi pàṣán kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìgbọràn fún ọgbọ̀n ọdún. Mo rí i tí orúnkún rẹ̀ ń tẹ̀, mo sáré dì í mú kó má baà kúnlẹ̀ fún mi. Kọ̀ǹpútà mi wà lórí tábìlì, iná pupa ara rẹ̀ ń ṣẹ́jú. Ó wò ó. Ó ní, "Kí nìyẹn?"

Mo ní, "Iṣẹ́ ilé-ìwé ni, mà."

Ó ní iṣẹ́ ńlá ni, Ọlọ́run á ràn mí lọ́wọ́. Ó tún ní kí n má bínú. Ó dúró, ó ń retí ohun tí mo máa sọ. Ohun tí mo sì sọ nìyí: "Mo kúkú sọ fún yín, Màmá. Ṣùgbọ́n kò burú. Mo ti dárí jì yín."

Èmi ni mo dárí jì í o.

Ọmọ rẹ̀ fẹ́ fi fóònù mìíràn ránṣẹ́, Màmá kọ̀. Ó ní ọwọ́ òun ò gba nǹkan tuntun, òun á tún bà á jẹ́. Olótọ́ọ̀ṣì ló ń lò títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, bí ẹnikẹ́ni bá wá kí i ló ń rí ojú ọmọ ọmọ rẹ̀ lórí fóònù onítọ̀hún. Mo ti ṣiṣẹ́, mo ti ra tuntun gidi lọ fún un, ó dá a padà. Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo ti wọ ọkọ̀ láti Àkúrẹ́ pé òní ni màá sọ ọ́. Bí mo bá débẹ̀, ó ti ń gúnyán dè mí. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Èmi ò tíì rí i kó yọ lọ́ọ̀ọ́kán.

Lọ́dún Kérésìmesì kan, ọmọ rẹ̀ mú ọmọdébìnrin náà wá sílé fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọmọ náà ti pé ọdún mẹ́fà. Gbogbo ẹbí pé jọ. Màmá jáde sí iwájú ilé, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó sì fi orúkọ tí ó mú sílẹ̀ pè é. Ọmọ náà ń bá adìyẹ ṣeré. Kò wẹ̀yìn. Màmá tún pè é. Ọmọ náà wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó wo ìyá rẹ̀, ó bèèrè pé ta ni màmá yìí ń pè.

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Màmá náà rẹ́rìn-ín, ó sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀bi mi ni. Ọma yìí kìlọ̀ fún mi, mi ò gbọ́." Èmi ló ń fọwọ́ tọ́ka sí. "Kò sì fi ọ̀rọ̀ náà gún mi lára lọ́jọ́ kan. Ọma mi, Ọlọ́run á fún ìwọ náà lọ́mọ. Bí o bá pè é, yóò máa dá ọ lóhùn."

Gbogbo ilé ṣe àmín. Wọ́n yíjú sí mi, wọ́n ń retí tèmi.

Mo ní, "Àmín, mà."