Ìjòyè Tí Ọba Lé àti Bàbá Òkè

Nígbà tí èmi tí ẹ ń pè ní Grandma yìí ṣì ń di irun lọ sílé ẹ̀kọ́ ní Peckham, nílùú òyìnbó níbí, bàbá kan ń gbé yàrá tó wà lórí tiwa. Bàbá Òkè là ń pè wọ́n. Akọ̀wé gómìnà ni wọ́n nílé kí àwọn sójà tó gbàjọba, tí wọ́n sì ń wá bàbá kiri láti mú. Ìyẹn ló gbé wọn sá dé ibí. Bàbá yìí kì í jókòó. Láti ìdájí la ó ti máa gbọ́ ẹsẹ̀ wọn lórí àjà wa, síwá sẹ́yìn, síwá sẹ́yìn. Màmá mi, ọmọ ìjọ aláṣọ funfun tí kì í fi àdúrà ṣeré, á wòkè, á ní, “Bàbá yìí á gbẹ́ carpet landlord tán o.”

Ojú wọn ti di bàìbàì, èmi ni mo máa ń kàwé fún wọn. Lọ́jọ́ kan, mo gbé ìwé ìtàn láti ilé ẹ̀kọ́ lọ bá wọn. Ìtàn ìjòyè Gẹ̀ẹ́sì kan ni, láyé ọjọ́un. Nígbà tí ogun abẹ́lé le, ó tẹ̀lé ọmọ ọba sá lọ sẹ́yìn odi, ó sì ń kọ ìtàn ogun náà sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sá kiri. Wọ́n bẹ́ ọba lórí. Nígbà tó yá, ìlú ránṣẹ́ pe ọmọ ọba padà, wọ́n fi í jọba. Ìjòyè wa wọlé tiyìtẹ̀yẹ, kò sí ìjòyè tó jù ú lọ mọ́. Ibẹ̀ ni mo dé tí Mummy fi pè mí wá jẹun.

Bàbá Òkè fọwọ́ lu itan. “Wọ́n pè é padà! Àwa náà, wọ́n á pè wá!”

Àfi bí ẹni pé wọ́n gbọ́ ohùn láti ọ̀run. Wọ́n lọ ra báàgì ńlá ní Lewisham, wọ́n sì gba tíkẹ́ẹ̀tì. Bẹ́ẹ̀, ọ̀rẹ́ wọn kan tó padà sílé, airport ni àwọn sójà ti mú un. Mummy bẹ̀ wọ́n títí. “Àjò kì í dùn kí onílé má relé” ni wọ́n fi ń dá a lóhùn.

Mo ti ka ìyókù ìwé náà tán ní tèmi. Mo sọ ọ́ fún Mummy. Ojú ẹ̀ yí padà. “Gbé e lọ sókè. Kà á fún wọn, gbogbo ẹ̀. Now!”

Mo gòkè lọ, mo kà á. Ogun kan forí ṣánpọ́n, gbogbo ẹ̀bi já lé ìjòyè yìí lórí. Ọba ní kó máa lọ. Ó sá lọ sí Faransé, ó ń kọ̀wé bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun wá kú sáàárín àwọn ọmọ òun. Wọn ò gbà. Ibẹ̀ ló ti parí ìtàn tó ń kọ, ibẹ̀ náà ló kú sí. Òkú rẹ̀ ni wọ́n gbé wálé, wọ́n sin ín sí ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń sin àwọn ọba sí. Méjì nínú àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin sì jọba.

Bàbá Òkè dúró gbagidi. “Ọba kan náà? Èyí tí wọ́n jọ jìyà?”

“Yes, sà. Òun náà ni.”

Wọ́n ní kí n máa lọ sísàlẹ̀. Wọ́n dá tíkẹ́ẹ̀tì padà lọ́sẹ̀ náà. Wọn ò ní kí n kàwé fún wọn mọ́ láéláé. Tá a bá pàdé lórí àtẹ̀gùn, wọ́n á kàn ní, “Olùkàwé, o kú iṣẹ́,” wọ́n á gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nígbà tí àwọn sójà máa fi lọ, àìsàn ti dá wọn dùbúlẹ̀. Ibojì wọn wà lápá Forest Hill. Kò sẹ́ni tó wá gbé wọn lọ sílé.

Ẹ̀yin ọmọ òde òní, ẹ óò wọ bàálù lọ sílé ní Kérésì, ẹ óò dé kí ilé ẹ̀kọ́ tó wọlé. Ẹ jókòó sí Surrey Quays, ẹ ń rí ojú ìyá àgbà yín tó wà nílé nínú fóònù. Inú mi ń dùn sí i, ó sì máa ń bí mi nígbà míì, torí ẹ ò mọ̀ pé nǹkan ńlá ni. Títí Mummy fi kú, ohun tó ń sọ ni pé mo gba ẹ̀mí Bàbá Òkè là. Bóyá ni. Bàbá yẹn ò bẹ̀ mí fún ẹ̀mí rí. Ilé ni wọ́n fẹ́ lọ.