Kápúsù Tí Ìyá Rẹ Àgbà Lò Nítorí Irorẹ́

Kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́. Má forúkọ ẹnikẹ́ni sí i.

Irorẹ́ ló mú ìyá rẹ àgbà lójú, ọdún kejì tí mo gbé e wálé. Ó bo ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó dé ẹ̀yìn. Èyí tó bá bẹ́, á dápàá. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin á ní, "Ìyàwó, ṣé agbọ́n ló pàdé rẹ lọ́nà oko ni?" Òun náà á rẹ́rìn-ín, á wá fi ìborùn bojú.

Mo mú un lọ sí ọsibítù ní Ṣakí. Dókítà ní kó máa lo kápúsù, èyí tí apá kan pupa, apá kan yẹ́lò, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, fún oṣù méjì. Níbi tí wọ́n ti ń fúnni lóògùn, nọ́ọ̀sì béèrè sókè, "Ìyàwó, ṣé kò sí oyún?"

Èrò tò sẹ́yìn wa. Ìyá rẹ àgbà wò mí. Àwa méjèèjì mọ̀ pé kò rí nǹkan oṣù rẹ̀ lóṣù náà. Ṣùgbọ́n ta ní í pariwo oyún tí kò tíì hàn, lójú èrò tí a ò mọnú wọn? Mo wolẹ̀. Ó ní, "Rárá o, mà."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló lò ó. Ojú ń gbẹ. Ti oṣù kan ni wọ́n kọ́kọ́ fún wa, mo padà lọ gba òmíràn, mo bá nọ́ọ̀sì mìíràn, òun nìkan. Mo rọra bi í, tó bá ṣe pé oyún wà ńkọ́?

"Há! Ẹ̀gbọ́n, aboyún kì í lo èyí. Ó lè ba àwọ̀ eyín ọmọ jẹ́, ó lè ba eegun rẹ̀ jẹ́. Ṣé wọn ò bi yín ni?"

"Wọ́n bi wá."

Mo délé, mo da ìyókù nù. Mo ní wọ́n ní ó ti tó. Irorẹ́ padà. Ó ní ká tún lọ, mo ní kó mú sùúrù.

Ẹ̀rù ò jẹ́ kí n gbádùn. Mo lè wà nídìí ebè, kí n máa rí ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ́. Nígbà tí wọ́n bí i, bàbá rẹ nìyẹn, wọ́n ní ó jọ mí. N ò wojú. Apá ni mo nà, mo na ẹsẹ̀. Wọ́n tọ́. Ó wá ku eyín.

Láràárọ̀ ni mo ń fìka gbé ètè rẹ̀. Wọ́n rò pé mo ń bá a ṣeré. Lọ́jọ́ tí eyín yọ, ìyá rẹ àgbà pè mí, mo dúró síta. Òun ló gbé e wá. Ó funfun.

Ìgbà yẹn ni mo tó sọ ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì kejì fún un. Ó ní,

"Gbogbo ìgbà tí mò ń bínú sí yín nítorí ojú mi, ẹ̀yin ti mọ èyí?"

Ó gbọmọ lọ́wọ́ mi. Nígbà tí eyín kejì yọ, kò pè mí.