Pọ́dà Lórí Irun Dídì

Onígbàjámọ̀ ni mí ní Òṣogbo nígbà tí òyìnbó ṣì ń jókòó sílé ìjọba. Ìwé kẹta ni mo kà dé, àmọ́ orí tí mo ti fá, bí a bá tò wọ́n sílẹ̀ láti Òṣogbo, wọ́n á dé Ìdó-Ọ̀ṣun, wọ́n á tún ṣẹ́ kù. Ẹni tí kò bá gbà, kó lọ wọ̀n ọ́n.

Ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fẹ́, ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni. Ó ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ lọ́dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin ní Òṣogbo. Bàbá rẹ̀ jẹ́ alàgbà nínú ìjọ aládùúrà kan ní Iléṣà, ọkàn wọn kò sì balẹ̀ rárá nípa Òṣogbo àti odò rẹ̀. Wọ́n ránṣẹ́ pé ká wá fara hàn lọ́jọ́ Sátidé. Wọ́n ní bí àwọn bá rí ohunkóhun tó jọ ti òrìṣà lára ọmọ àwọn, kò ní padà sí Òṣogbo mọ́, kí èmi náà wá ìyàwó síbòmíràn.

Ọmọbìnrin náà di irun ṣùkú sílẹ̀ de ọjọ́ náà. Odidi ọjọ́ kan ló fi jókòó láàárín ẹsẹ̀ onídìrí. Èmi gbé àpótí iṣẹ́ mi dání, nítorí èèyàn kì í mọ ibi tí orí máa ti fẹ́ fífá.

Ẹnìkan ti so garawa epo pupa mọ́ òkè ọkọ̀ bọ́lẹ̀kájà tí a wọ̀, ọ̀nà sì rí gbágungbàgun. Kí a tó rìn jìnnà, epo ti ń kán sí wa lórí. Ó pọ̀ débi pé eṣinṣin tó bà lé mi létí yọ̀, ó ṣubú. Nígbà tí a máa fi sọ̀ kalẹ̀ ní Iléṣà, ìborí ọmọbìnrin náà ti di àkísà elépo, epo sì ti rin ṣùkú rẹ̀ gbindin. Ó ń sunkún láìpariwo.

Omi ni ẹnikẹ́ni á kọ́kọ́ rò. Àmọ́ ọyẹ́ ti fa kànga gbẹ, ọṣẹ á sì sọ irun dídì di jáujàu. Bàbá rẹ̀ ń retí wa kí oòrùn tó kan àtàrí. Ni mo bá ṣí àpótí, mo mú agolo pọ́dà tí mo máa ń fi sí ọrùn oníbàárà. Pọ́dà a máa mu epo bí ilẹ̀ gbígbẹ ṣe ń mu òjò.

Irun tèmi kúrú. Mo wọ́n ọn sí i, mo fọwọ́ rà á, mo fi búrọ́ọ̀ṣì gbọ̀n ọ́n, ó tán. Ìyá arúgbó kan tí epo kán sí lórí pẹ̀lú wa ní kí n ṣe tàwọn náà. Ewú ti bo orí wọn, kò sẹ́ni tó lè mọ èwo ni pọ́dà, èwo ni ewú. Ti ọmọbìnrin yìí ni iṣẹ́ wà. Irun rẹ̀ ki bí igbó, ó dúdú bí kóró iṣin. Irú èyí, owú ni a fi ń bu pọ́dà sí i díẹ̀díẹ̀, a ó dúró kó mu epo tán, kí a tó gbọ̀n ọ́n. Ìkánjú kò jẹ́. Mo da agolo dé e lórí.

Epo lọ lóòótọ́. Àmọ́ pọ́dà sá wọ ojú ìlà irun, ó jókòó síbẹ̀. Bí mo ṣe ń gbọ̀n ọ́n, bẹ́ẹ̀ ló ń rì sí i. Mo fi aṣọ tí mo fi ń bo oníbàárà lọ́rùn bò ó lórí, a gba ilé lọ.

Bó ṣe kúnlẹ̀ kí bàbá rẹ̀, aṣọ yọ̀ bọ́ sílẹ̀.

Bàbá na ìka, wọ́n fi tọ ojú ìlà kan láti iwájú dé òkè, wọ́n wo ìka náà.

“Ta ló fi ẹfun kun ọmọ mi lórí?”

Mo ní, “Bàbá, pọ́dà ni. Epo ló kán sí i lórí nínú ọkọ̀.”

“Epo ọ̀hún dà?”

Epo tí mo fẹ́ fi ṣe ẹlẹ́rìí, èmi fúnra mi ni mo ti fà á gbẹ, a sì ti ju ìborí elépo náà nù lọ́nà. Mo ṣàlàyé títí. Bàbá ní ẹnu mi dùn bí ẹnu àwọn tó ń ta oògùn aràn ní gáréèjì. Wọ́n ní kí wọ́n lọ pe àwọn alàgbà yòókù wá, kí wọ́n wá gbàdúrà sí ọmọ náà lórí, kí èmi sì gbé àpótí mi. Ọmọbìnrin náà kò dìde níbi tó kúnlẹ̀ sí. Kò tilẹ̀ wò mí.

Ìyá rẹ̀ ló gbé ìgò epo wá láti ẹ̀yìnkùlé, ohùn wọn kò sì ga.

“Bàbá, orí tiyín náà ní irun. Bó bá purọ́, ẹ ó mọ̀.”

Irun bàbá dúdú dáadáa, wọ́n sì yà á sí méjì bíi ti akọ̀wé. Wọ́n fẹ́ràn irun yìí púpọ̀. Àmọ́ wọ́n fẹ́ràn láti mú òpùrọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n jókòó. Ìyá ta epo sí i. Mo fi owú bu pọ́dà, díẹ̀díẹ̀. Mo dúró. Mo ń gbọ́ èémí gbogbo ilé, mo ń gbọ́ ti ewúrẹ́ tó wà níta pẹ̀lú.

Bàbá gbé ọwọ́ sórí. Wọ́n fi ìka méjì ra ara wọn. Epo kò sí.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nawọ́ mú búrọ́ọ̀ṣì ni àwọn alàgbà wọlé. Wọ́n rí bàbá lórí ìjókòó, orí funfun báláú. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn sún sẹ́yìn, ó gbé Bíbélì máyà.

“Alàgbà, kí ló wà lórí yín yìí?”

Bàbá wo ọmọ wọn lórí ìkúnlẹ̀. Wọ́n wò mí.

“Pọ́dà ni,” ni wọ́n wí. “Àna mi ló ń tún irun mi ṣe. Ẹ jókòó, ó máa kàn yín.”

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n ọ́n.