Róògù Ilé Bàbá Télọ̀

Mo ń tú ìṣẹ́tí yunifọ́ọ̀mù ọmọ mi lọ́wọ́, níbí ní Ọ̀yọ́, nígbà tí fóònù dún. Bùọ̀dá Ràṣídì, ẹ̀gbọ́n mi, ló ń pè láti Ògbómọ̀ṣọ́. Bàbá wa ti lọ. Abẹ́rẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ mi, àmọ́ òórùn tó gba imú mi kì í ṣe ti ilé mi. Òórùn áyọ́ọ̀nù eléèédú lórí áńkárá tuntun ni, àti ti òróró máṣíìnì, ní ìsọ̀ Bàbá ní Takie, ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́hùn-ún, níbi tí mo ti máa ń ṣa bọ́tìnnì nílẹ̀ kí n tó lọ sí ilé-ìwé.

Òyìnbó tí Bàbá gbọ́ kò kún ọwọ́. Ó mọ "yáàdì", ó mọ "ínṣì", ó sì mọ "róògù". Èmi ni mo ni ìkẹyìn yẹn. Bí mo bá ti yọ ẹ̀pà nínú àpò bùbá rẹ̀, á di ọwọ́ mi mú: "Róògù mi! O tún ti jà mí lólè." Inú mi á dùn bí ẹni tí wọ́n ki ní oríkì. Tíṣà ló wá là á yé wa ní kíláàsì: olè ń fọ́lé lóru, ṣùgbọ́n róògù á kí ọ tẹ̀rín-tẹ̀rín, á sì rẹ́ ọ jẹ. Mo délé, mo bi Bàbá. Ó rẹ́rìn-ín. "Tíṣà yín ò purọ́. Tèmi kàn ń jí ẹ̀pà ni."

Bí Bàbá bá rán aṣọ àgbà tán, á di àgékù rẹ̀ mọ́ ọn, kí oníbàárà fojú ara rẹ̀ rí i. Ti ọmọdé yàtọ̀. Inú ìṣẹ́tí ló máa ń ká èyí tó bá kù sí, kí wọ́n lè tú u bí ọmọ bá ga. "Ọmọdé kì í dúró de aṣọ," bó ṣe máa ń wí nìyẹn, á sì fi han ìyá ọmọ kó tó gbé e lọ.

Ayé Sáàpù ni, ìgbà tí ìjọba ní kí oníkálùkù fún ìgbànú mọ́ra; aṣọ wọ́n, kò sẹ́ni tó ń fi àgékù ṣeré. Lọ́dún kan, tí Iléyá ku ọ̀la, èrò kún ìsọ̀ wa. Àbúrò oníbàárà wa kan, Ìyá Síkírá, ló wá gba aṣọ Síkírá, Bàbá ò sì rántí sọ ti ìṣẹ́tí fún un. Kò pẹ́ tí Ìyá Síkírá fúnra rẹ̀ dé, kò mú aṣọ dání.

"Télọ̀, gèlè mi dà? Aṣọ tí mo kó fún ọ, gèlè yóò jáde nínú rẹ̀!"

"Ẹ fara balẹ̀, Ìyá Síkírá. Inú aṣọ náà ló..."

"Inú aṣọ wo? Inú àpò rẹ ni! Ará Takie, ẹ wá wò ó o, róògù rèé!"

Ó yí padà, ó bá tirẹ̀ lọ. Ìyá mi ní kí Bàbá lé e lọ sílé, kó tú aṣọ náà lójú rẹ̀. Bàbá kàn mi orí. "Ta ló máa ṣílẹ̀kùn fún róògù? Aṣọ náà á sọ ọ́ fúnra rẹ̀."

Ṣùgbọ́n aṣọ kì í yára sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn Iléyá, ìsọ̀ wa dá páropáro. Ní ilé-ìwé, "ọmọ róògù" ni mò ń jẹ́. Mo wá ń fẹ́ kí Bàbá pè mí ní tiwa, kó lè fọ tiwọn kúrò létí mi. Mo mọ̀ọ́mọ̀ jí ẹ̀pà rẹ̀ lójú rẹ̀, mo dúró. Ó kàn ní, "Máa jẹ ẹ́, ọmọ mi."

Nígbà tí Iléyá mìíràn ń bọ̀, aṣọ ti kéré fún Síkírá. Ìyá rẹ̀ yí i sódì, ó bá gbogbo àgékù náà nínú ìṣẹ́tí. Ó gbé e wá, ó kúnlẹ̀ sáàárín ìsọ̀ lójú gbogbo ènìyàn. "Bàbá Télọ̀, ẹ foríjì mí. Ẹnu mi ló yá." Bàbá ní kó dìde, ó sì jókòó, ó bá a tú u. Àwọn oníbàárà padà wá. Róògù tiwa nìkan ni kò padà. Mo dàgbà, mo lọ sílé ọkọ, n kò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

Èmi náà ti dìyá ọmọ báyìí, ṣùgbọ́n ọmọ tó kó ẹ̀pà sẹ́nu tó ń retí orúkọ rẹ̀ yẹn ṣì dúró síbẹ̀.

Ọmọ mi wọlé, ó bá mi lórí ẹkún. "Màmá, ta ló nà yín?" Mo wọ yunifọ́ọ̀mù náà fún un. Bàbá ló rán an, ìgbà tó wá kí wa gbẹ̀yìn, tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Aṣọ tí mo tú sílẹ̀ bò ó kọjá orúnkún.

"Ta ló fi aṣọ sínú aṣọ?"

"Bàbá rẹ àgbà ni. Ó kó o pamọ́ síbẹ̀ dè ọ́." Mo nu ojú mi. "Róògù ni bàbá yẹn. Róògù mi."