Ẹ Fà Mí

Àwọn tó ń gbẹ́ kànga ní Ìpàpó kì í pe orúkọ ara wọn lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ní ilẹ̀ a máa gbọ́ orúkọ, bó bá sì ti mọ orúkọ ènìyàn tán, kì í gbàgbé rẹ̀ mọ́. Ohun tí ẹni tó wà nísàlẹ̀ ń sọ kò ju méjì lọ: "Fà" bí garawa bá kún, "Sọ" bó bá fẹ́ kí okùn padà wá bá òun. Ẹni tó jókòó lókè kò gbọdọ̀ ṣaláìdáhùn. Á ní, "Mo dì í mú." Ìdáhùn yìí ni ẹni ìsàlẹ̀ fi ń mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ló wà láyé. Bí kò bá gbọ́ ọ, yóò ju dígà sílẹ̀, yóò máa wá ọ̀nà àtigòkè.

Láti ìgbà tí irùngbọ̀n ti kọ́kọ́ hù lágbọ̀n Ràmọ́nì ló ti ń jókòó sẹ́nu kànga, tó ń dá Àmúdà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, lóhùn. Àmúdà ló ń wọlẹ̀ nígbà gbogbo. Òun ni àgbà, ó sì máa ń sọ pé àbúrò òun sanra ju ẹnu kànga lọ.

"Bí ìwọ bá wọlẹ̀," Àmúdà á wí, "a óò ní láti gbẹ́ kànga mìíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ká tó lè yọ ọ́. Jókòó síbẹ̀ jẹ́ẹ́. Ìjókòó kò nira fún ọ."

Iṣẹ́ wọn kì í ṣe iṣẹ́ ọlá. Ṣùgbọ́n láti Ìpàpó títí dé Komu, ọ̀pọ̀ ilé ló ń mu omi tí àwọn méjèèjì wá kàn lábẹ́ ilẹ̀.

Komu ni Àmúdà kú sí, ní ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1976. Ògiri kànga ya lù ú. Ó ké pé, "Fà mí." Ràmọ́nì dáhùn pé, "Mo dì í mú." Ó fà títí awọ ọwọ́ rẹ̀ fi bó, ó fà títí okùn fi já. Nígbà tí wọ́n gbẹ́ Àmúdà jáde, ẹnu rẹ̀ ṣì wà ní lílà, yẹ̀pẹ̀ kún inú rẹ̀. Kò sí ẹni tó dá Ràmọ́nì lẹ́bi, nítorí kò sí ẹ̀bi níbẹ̀.

Kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀ ni àlá bẹ̀rẹ̀. Lójú oorun, Ràmọ́nì á bá ara rẹ̀ lẹ́nu kànga. Kànga náà kì í sí ní Komu. Àárín yàrá tó ń sùn sí gan-an ló máa ń wà, ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì á sì wà létí rẹ̀. Ohun tó fi yàtọ̀ sí àlá ẹlòmíràn ni pé Ràmọ́nì mọ̀ pé òun ń sùn. Okùn ló fi ń mọ̀. Okùn ojú oorun kì í wúwo, á fúyẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí òwú tí ìyá arúgbó ń ran. Ó tún máa ń gbọ́ bí ìyàwó rẹ̀ ṣe ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó mọ gbogbo èyí, mímọ̀ náà kò sì wúlò fún un. Ẹni tí kò mọ̀ pé àlá ni òun ń lá, ẹ̀rù á bà á, á ta jí. Ràmọ́nì ní tirẹ̀ ní láti jókòó wò ó tán.

Ohùn á wá láti ìsàlẹ̀: "Fà mí." Yóò dáhùn, nítorí ó ti mọ́ ọn lẹ́nu. Yóò fà. Àmúdà á gòkè wá bí ìyẹ́ adìyẹ, á gbé ojú rẹ̀ ti ojú àbúrò rẹ̀, kò ní sọ nǹkan kan. Yẹ̀pẹ̀ á máa ṣàn jáde lẹ́nu rẹ̀ sórí àyà Ràmọ́nì, á máa ga sí i, títí Ràmọ́nì kò fi ní lè mí mọ́. Ìgbà yẹn ni yóò tó jí.

Ìyá Àwáwù, ìyàwó rẹ̀, ló máa ń gbọ́ ìdáhùn yẹn.

"Bàbá Àwáwù," ó wí láàárọ̀ ọjọ́ kan, "bí mo bá pè yín lójú ọ̀sán kí ẹ wá bá mi gbé odó, ẹ ò ní gbọ́. Òkú nìkan ló rí etí yín gbà."

Ó fi ṣe ẹ̀rín. Ṣùgbọ́n bó ti ń rẹ́rìn-ín ló ń ká ẹní rẹ̀ lọ sí yàrá àwọn ọmọ.

Ràmọ́nì lọ sí dìsípẹ́ńsárì. Ọkùnrin tó wà níbẹ̀ kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ dé ìdajì tó fi ka oògùn ibà fún un, nítorí oògùn ibà ló wà nílẹ̀. Ló bá tọ Àáfà Àdìgún lọ, ẹni tó ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní kéwú. Àáfà ní sùúrù. Ó gbọ́ ọ títí dé òpin.

"Ta ló ń pè ọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni."

"O sì máa ń jẹ́ ẹ?"

"Mo máa ń jẹ́ ẹ, Àáfà. Bí iṣẹ́ wa ṣe rí nìyẹn."

"Iṣẹ́ ti tán láàárín yín. Alààyè tó bá ń jẹ́ ìpè òkú, ó ń gbà láti bá a lọ ni. Bó bá tún pè ọ́, pa ẹnu mọ́. Má dáhùn, má fa okùn. Jẹ́ kó pè títí yóò fi rẹ̀ ẹ́."

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun. Gbogbo ìyá ló ń kọ́ ọmọ rẹ̀ pé kí ó má jẹ́ ìpè tí kò rí ojú ẹni tó pè é. Àáfà kò purọ́, kò sì gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ì bá sàn kó jẹ́ onírọ́, bóyá Ràmọ́nì ì bá má gbà á gbọ́.

Ó gbà á gbọ́. Ó sì kọ́ ọ bí ènìyàn ṣe ń kọ́ṣẹ́. Bí ohùn bá ti dún, yóò kọ́kọ́ fi ìka méjì gbé okùn wò. Bó bá fúyẹ́, oorun ni. Yóò pa eyín pọ̀. Nígbà mìíràn yóò jí, yóò bá ẹ̀jẹ̀ lẹ́nu, ahọ́n ló gé jẹ. Ṣùgbọ́n ohùn náà á pè, á pè, á máa lọ sílẹ̀, á dákẹ́. Bó bá ti dákẹ́ báyìí, Ràmọ́nì á jí. Kò yẹ̀ rí. Yẹ̀pẹ̀ kò dé àyà rẹ̀ mọ́. Ìyá Àwáwù ká ẹní rẹ̀ padà. Àwọn ènìyàn ní ara rẹ̀ ti yá. Ara rẹ̀ kò yá. Ó kàn ti mọ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ igbe ẹni tó ń kú láìdáhùn ni, ó sì mọ̀ ọ́n débi pé kò ní láti rò ó mọ́.

Ó ti fi kànga sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà yìí, ó ń gbin iṣu àti àgbàdo. Lẹ́yìn náà ni ọ̀dá ọdún 1983 dé. Iná jó oko, odò gbẹ. Ṣáájú ìbò kan, àwọn òṣèlú ti ri páìpù káàkiri ìlú, wọ́n sì gbé ẹ̀rọ omi kalẹ̀ sí oríta. Ẹ̀rọ náà mí ẹ̀ẹ̀kan, ó tú eruku jáde, ó dákẹ́. Àwọn obìnrin ń gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá lọ jà nídìí kànga tó kù. Àdúgbò ní àwọn yóò gbẹ́ òmíràn, Ràsáàkì sì ní òun ni yóò gbẹ́ ẹ.

Ràsáàkì ni ọmọ Àmúdà. Ó ti parí ilé-ìwé mọ́dà, kò sì ríṣẹ́, bíi ti gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìrìn bàbá rẹ̀ ló ń rìn. Ohùn bàbá rẹ̀ náà ló ní, bí ẹni pé wọ́n bọ́ ọ lọ́rùn òkú fi wọ ọmọ.

"Èmi kò gbẹ́ kànga mọ́," Ràmọ́nì wí fún un.

"Bàbá, èmi ni màá wọlẹ̀. Ẹ̀yin ẹ jókòó ní tiyín. Ìjókòó kò sáà nira fún yín."

Ó ń wo ikùn Ràmọ́nì bó ti ń sọ ọ́. Ràmọ́nì rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kejì, Àdìjátù, ìyá Ràsáàkì, wọlé wá. Kò jókòó.

"Bàbá Àwáwù, ọmọ yìí yóò wọlẹ̀, bí ẹ gbà bí ẹ kọ̀. Bí ẹ bá kọ̀, ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá lọ ni yóò di okùn rẹ̀ mú. Ẹ̀yin lẹ fa bàbá rẹ̀ títí okùn fi já. Ta ni kí n tún fi lé lọ́wọ́?"

"Ìyá Ràsáàkì, oorun mi kò dára."

"Ṣé oorun lẹ fẹ́ lọ sùn níbẹ̀ ni?"

Ó gbà. Ó búra nínú ara rẹ̀ pé èyí yóò jáde láàyè. Kò sí ohun mìíràn tó ń fẹ́ nílé ayé lákòókò náà.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, garawa kún, ohùn sì wá láti ìsàlẹ̀: "Ẹ fà." Ọwọ́ Ràmọ́nì dúró. Kò sí ẹni tó bọ̀wọ̀ fún un láti inú kànga rí. Ẹ̀gbọ́n kì í sọ "ẹ" fún àbúrò. Ó dáhùn pé, "Mo dì í mú," ó sì fà, garawa náà wúwo, ìwúwo rẹ̀ sì dùn mọ́ ọn. Láti ọjọ́ náà lọ, "ẹ" yẹn ló gbára lé. Níwọ̀n ìgbà tó bá ń gbọ́ ọ, ojú rẹ̀ là, ọmọ ń bẹ láàyè.

Ṣùgbọ́n yẹ̀pẹ̀ tó ń kó sókè mú àlá padà wá, ó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kò fẹ́ sùn mọ́. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọ̀sán kan, ọyẹ́ bo ìlú débi pé Ràmọ́nì kò rí ilé tó sún mọ́ ọn jù lọ. Ẹnu kànga àti igi tí okùn kọ́ lé nìkan ló hàn. Nísàlẹ̀, dígà ń dún, ó ń dún, oorun sì gbé e níjòókòó. Kànga wà ní àárín yàrá. Àmúdà pè é. Ó pa eyín pọ̀.

"Ẹ fà mí."

Ó la ojú. Kànga kan náà ló rí, okùn kan náà, láìsí ìlú lẹ́yìn rẹ̀. Ó fi ìka méjì gbé okùn wò, bó ti máa ń ṣe. Ó fúyẹ́.

Ó fúyẹ́ nítorí pé Ràsáàkì ti tú garawa kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ògiri ti bẹ̀rẹ̀ sí í rún lé e lórí, ó sì fẹ́ so okùn náà mọ́ ìbàdí ara rẹ̀. Nígbà tí Ràmọ́nì fi ìka méjì gbé e, ẹnu okùn yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ ọmọ náà, ó ga ju ibi tí ọwọ́ rẹ̀ lè dé lọ.

"Ẹ sọ ọ́. Ẹ sọ okùn."

Ràmọ́nì pa ẹnu mọ́. Ó tilẹ̀ yin ara rẹ̀ nínú pé òun kò bẹ̀rù tó ti àtijọ́. Ohùn náà pè, ó pè, nǹkan wúwo kan ya lulẹ̀ nísàlẹ̀, ohùn náà lọ sílẹ̀, ó dákẹ́. Ràmọ́nì jókòó, ó ń dúró kí òun jí.

Àdìjátù ló yọ nínú ọyẹ́, abọ́ oúnjẹ lórí rẹ̀.

"Bàbá Àwáwù, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lọ́nà. Ẹ ò dá a lóhùn?"

Ó wò ó. Kò dá òun náà lóhùn.

Ìlú sọ ohun tí ìlú máa ń sọ. Wọ́n ní Àmúdà ló wá mú ọmọ rẹ̀. Àáfà Àdìgún ní kádàrá ni. Ọ̀rọ̀ náà rọ gbogbo ènìyàn lọ́rùn, nítorí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè ìdí tí ìlú tí páìpù sùn sábẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ ṣe ń fi dígà wá omi. Àwọn tó ri páìpù náà fi owó ránṣẹ́ fún sàráà.

Ràmọ́nì nìkan ni kò gba ìtùnú wọn. Ó lọ bá Àdìjátù.

"Ó sọ 'ẹ'," ó wí. "Mo gbọ́ ọ, ìyá Ràsáàkì. Ẹ̀gbọ́n mi kò sọ 'ẹ' fún mi rí. Mo gbọ́ ọ, mo sì dákẹ́."

Àdìjátù ń ṣa ẹ̀wà. Kò gbé ojú sókè.

"Ẹ máa dákẹ́ lọ," ó ní. "Ẹ ti mọ̀ ọ́n ṣe."

Ràmọ́nì wà láyé títí di òní. Lójú oorun ohùn méjì ló ń gbọ́, ọ̀kan bọ̀wọ̀ fún un, èkejì kò bọ̀wọ̀. Ó mọ̀ pé òun ń sùn, ó sì ń dá àwọn méjèèjì lóhùn. Ó ń fà, okùn ń gòkè, kò sí nǹkan kan lẹ́nu rẹ̀. Lójú ọ̀sán, kò mọ èyí tó jẹ́ oorun mọ́, nítorí náà gbogbo ìpè ló ń jẹ́. Àwọn ọmọ àdúgbò ti mọ̀. Wọ́n á sá sẹ́yìn ògiri, wọ́n á ní, "Ẹ fà mí."

"Mo dì í mú," Ràmọ́nì á wí. Á sì dìde, á máa wá okùn.