Ife Fàdákà Sísítà Àgùdà

Ẹ súnmọ́ mi, ẹ jókòó, kí ẹ gbọ́ nípa ọjọ́ tí a fún Sísítà Àgùdà ní ife fàdákà. N kò lè gbàgbé ọjọ́ náà láé.

Sísítà ló ń gbẹ̀bí ní abúlé wa lẹ́yìn Ẹgbẹ́dá. Nígbà tí wọ́n fẹ́ fẹ̀yìn tì, àwọn ìyá ọmọ, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ Mùsùlùmí, kó ẹ̀gbà ọwọ́ fàdákà wọn jọ. Alágbẹ̀dẹ yọ́ ọ, ó fi ṣe ife pẹpẹ, ó sì fín orúkọ Sísítà sí i lára.

Ìyá mi ni àwọn ìyá yòókù ní kí wọ́n fi lé Sísítà lọ́wọ́. Ìyá mi bu omi àmù sínú rẹ̀, wọ́n kọ́kọ́ tọ́ ọ wò bí a ti ń ṣe fún àlejò, wọ́n wá nà án sí Sísítà. Ẹ̀rín kú lẹ́nu Fádà ìjọ Sísítà, tó jókòó tì wọ́n.

“Ìyá, ife pẹpẹ nìyẹn. Àwa fádà nìkan la ń fi í mu.”

Ìyá mi fa ife náà sẹ́yìn. “Ṣé mo ti bà á jẹ́ ni?”

Sísítà kọjú sí Fádà. “Ṣé ẹ ti yà á sí mímọ́?”

“Rárá, ó di ọjọ́ Àìkú.”

“Ife omi ṣì ni, nígbà náà.” Sísítà gbà á, wọ́n mu ún gbẹ. “Ìyá Ràfíù, omi àmù yín ò tíì gbàgbé bí wọ́n ṣe ń tutù.”

Fádà rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n bu tòun náà wá.

Sísítà ti sùn, ìyá mi náà ti sùn. Ṣọ́ọ̀ṣì ló jogún ife náà. Èmi ni mo jogún àmù, bí àlejò bá sì dé, èmi ni mo ń kọ́kọ́ tọ́ omi wò.