Ìyàwó Tí Wọn Ò Tẹ Dùùrù Fún

Ohùn dùùrù ló bà mí lọ́kàn jẹ́ lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá. Mo jókòó sí pálọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Jakande, ní Ìlàsan, mo ń ṣa ẹ̀wà. Mọ́rẹ̀nikẹ́, ọmọ ọmọ rẹ̀, gbé fóònù lé orí tábìlì, ó sì ń gbọ́ àwọn orin tó ṣeé ṣe kí wọ́n fi mú un wọlé lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ nínú wọn. Orin àwọn òyìnbó àtijọ́ ni, fáólíìnì, fèrè àti dùùrù nìkan, irú èyí tí ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí máa ń gbọ́ nínú ẹ̀rọ agbéniròkè, tí ẹ kì í sì í kà sí. Ó yẹ kí inú mi dùn. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan ẹ̀kẹta, tí dùùrù bẹ̀rẹ̀ sí í sáré bí ọmọdé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní iléèwé, ọwọ́ mi dúró nínú ẹ̀wà. Mo mọ orin yẹn. Inú bí mi débi pé mi ò rí kòkòrò mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìdí tí kò fi sí ṣọ́ọ̀ṣì nínú ìgbéyàwó náà. Ìjọ tí Mọ́rẹ̀nikẹ́ ń lọ ní Lẹ́kkí, mi ò ní dárúkọ rẹ̀, ní kó lọ ṣe àyẹ̀wò oyún, kó mú ìwé rẹ̀ wá kí àwọn tó lè so wọ́n pọ̀. Ọmọ náà ò lóyún, ṣùgbọ́n ó ní òun ò ní mú ìwé kankan wá fún ẹnikẹ́ni. Òun àti àfẹ́sọ́nà rẹ̀ pinnu pé inú ọgbà kan létí ọ̀sà làwọn yóò ti ṣe é: kò sí pásítọ̀, kò sí lèmọ́mù, wọ́n á jẹ́ ẹ̀jẹ́ wọn lójú ẹbí, orin tó ń múnú ẹni dùn á sì máa lọ lẹ́yìn. Bàbá rẹ̀, Délé, ọmọ kan ṣoṣo tí ẹ̀gbọ́n mi bí, fàáké kọ́rí. Ó ní ẹsẹ̀ òun ò ní bá a wọ irú ibi bẹ́ẹ̀. Ohun tó gbé e wá sílé ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ náà nìyẹn, kí ìyá lè bá òun bá ọmọ wí.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ibi tó kọjá Ajah, níbi tí abúlé wa wà, sí ẹ́sítéètì onígéètì lè má gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n yanrìn àti igi àgbọn ló pọ̀ jù níbẹ̀ nígbà èwe mi. Ọkọ̀ ojú omi la fi ń lọ sí Èkó. Ọkọ̀ náà ló gbé dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì abúlé wa wá. Ọkùnrin mẹ́rin ló rù ú láti etí ọ̀sà, ewúrẹ́ kan tẹ̀ lé wọn wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ya òun náà sí mímọ́ pẹ̀lú rẹ̀.

Àǹtí mi, ẹ̀gbọ́n mi yìí kan náà, nìkan ló mọ̀ ọ́n tẹ̀ ní gbogbo abúlé. Tíṣà kan ló kọ́ ọ, nígbà tí wọ́n sì gbé tíṣà lọ síbòmíràn, ó fi ìwé orin aláìlọ́rọ̀ kan sílẹ̀ fún un. Èmi ni mo máa ń jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì láti ṣí ìwé. Mi ò mọ orin kà. Orí rẹ̀ ni mò ń wò, bó bá ti mì í, mo ṣí i. Ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa tẹ pẹ́dà lọ́tùn-ún lósì, òógùn á máa bọ́. Gbogbo ìyàwó abúlé wa ló tẹ dùùrù fún. Bí wọ́n bá ń wọlé, ó máa ń tẹ orin tó ń sáré yẹn, àwọn ìyá arúgbó á sì gbàgbé pé ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n.

Ṣùgbọ́n òfin kan wà. Ìyàwó tó bá ti lóyún, ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ ló ń gbà wọlé, láìsí ìbòjú, láìsí agogo, láìsí dùùrù. Nígbà tó kan Àǹtí mi fúnra rẹ̀, àwọn ìyá ìjọ mú un wọ yàrá ẹ̀yìn, wọ́n fọwọ́ tẹ ikùn rẹ̀ wò bí ẹni ń ra ìbẹ́pẹ. Oyún oṣù mẹ́ta. Wọ́n sún ìgbéyàwó náà sí àárọ̀ ọjọ́ Wẹ́sídeè, nígbà tí gbogbo ayé wà lóko àti lódò. Mo ti lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, nítorí ibẹ̀ ni mo mọ̀ ní ipò mi. Àgbà ìjọ kan fi apá gbé mi kúrò, ó pa dùùrù dé, ó fi kọ́kọ́rọ́ tì í, ó sì ju kọ́kọ́rọ́ sápò.

Ẹ bá mi rò ó. Ta ni ìbá tẹ̀ ẹ́? Ẹni kan ṣoṣo tó mọ̀ ọ́n tẹ̀ ló ń ṣe ìgbéyàwó. Síbẹ̀ wọ́n tì í. Wọ́n fẹ́ kó gbọ́ bó ṣe ń dún nígbà tí wọ́n ń tì í ni. Nígbà tí ọjọ́ Ìsinmi sì dé, ojú ò tì wọ́n, wọ́n ránṣẹ́ pè é pé kó wá tẹ dùùrù. Kò lọ. Kò fọwọ́ kan dùùrù mọ́ títí dòní. Ìyá wa wá kìlọ̀ fún èmi pé ọmọ tó wà nínú oyún yẹn kò gbọdọ̀ gbọ́ ọ láé. Mo pa á mọ́ bí ọmọ rere, mo sì bínú sí ara mi títí.

Ẹ padà sí pálọ̀. Mọ́rẹ̀nikẹ́ ti yíjú sí ìyá àgbà. Ó bi í pé, “Gránmà, orin wo ni wọ́n fi mú ẹ̀yin wọlé lọ́jọ́ tiyín?”

Àǹtí mi rẹ́rìn-ín, ó nàka sí fóònù. Ó ní èyí tó ń lọ lọ́wọ́ yìí gan-an ni.

Délé bá pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. “Ṣé o ti gbọ́? Gránmà ẹ tẹ̀ lé òfin ìjọ, wọ́n sì tẹ dùùrù fún wọn. Ìwọ lo fẹ́ dójú tì wá.”

Mo gbé ẹ̀wà sílẹ̀. “Délé, wọn ò tẹ dùùrù kankan fún ìyá ẹ. Wọ́n tì í pa, nítorí ẹ.”

Mo sọ gbogbo rẹ̀: ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́, ọwọ́ àwọn ìyá ìjọ, àgbà tó gbé mi lápá. Ohùn mi ń lọ sókè, mi ò sì rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Délé wo ìyá rẹ̀ bíi kó ní irọ́ ni mò ń pa. Mọ́rẹ̀nikẹ́ pa fóònù. Àǹtí mi ò bá mi jà. Ó ní kí Délé wá jókòó ti òun.

“Kì í ṣe nítorí ẹ,” ló sọ fún un. “Àwọn ló tì í.”

Délé jókòó. Kò dárúkọ pásítọ̀ mọ́. Ó ní kí ọmọ rẹ̀ tún orin náà gbé sí i, ó fetí sí i dópin. Lẹ́yìn náà ló rọra béèrè pé ṣé kò yá jù fún ẹni tó ń mú ọmọ wọlé, tí orúnkún ń dùn.

Mo ń bínú síbẹ̀ bí mo ṣe ń kọ èyí. Kọnkéré ti bo yanrìn abúlé wa, ikán ti jẹ dùùrù yẹn tán, àgbà ìjọ náà ti kú, wọ́n sì fi agogo sin ín. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń béèrè ohun tó wà nínú ikùn ọmọbìnrin kí wọ́n tó jẹ́ kó yọ̀. Ìwé àyẹ̀wò ló gbapò ọwọ́. Mo rò pé mo mọ gbogbo ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ Àǹtí mi, èmi tí mo jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì, títí tó fi dá ọmọ rẹ̀ lóhùn.

“Kò yá jù,” ló wí. “Mo ti rìn ín wò nínú ilé, ní gbogbo alẹ́ ọ̀sẹ̀ ìgbéyàwó mi.”